Ta Ló Máa De Kílípù Ìkẹyìn?

“Kí tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn tó tutù, mo ti parí iṣẹ́. Má wulẹ̀ bọ́ bàtà.”

Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀. Aago méje àárọ̀ ni. Ó dúró síwájú ilé, ó ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì dé èjìká, ó gbé sípánà sókè bí ọ̀gágun tó fẹ́ kó ọmọ ogun wọ̀lú. Ìyàwó rẹ̀, tí tilé tòde ń pè ní Nọ́ọ̀sì nítorí pé iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn, wo ọkọ rẹ̀, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò tó là gbàù bí ẹni tó ń yán. Ó wá gbé tíì náà mu tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ṣe gbóná tó. Ó mọ ẹni tó fẹ́. Bó bá ní kóun fi tíì dúró dè é, olú á hù nínú ife.

Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ eré rárá. Ilé ìwòsàn ńlá kan wà lórí òkè ní ìlú kejì, wọ́n ń wá ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Nínú gbogbo àwọn tó kọ̀wé sí wọn, ènìyàn méjì péré ló ṣẹ́ kù, Nọ́ọ̀sì sì jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́tà wọn wà nínú báàgì rẹ̀. Ó ti kà á, ó ti tún un kà, títí ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ìwé náà po fi fẹ́ẹ̀ já. Aago mọ́kànlá geere ni kó wá jókòó síwájú ìgbìmọ̀. Ẹni tí aago mọ́kànlá bá lù tí kò sí lórí àga, wọ́n á gbà pé iṣẹ́ náà kò wù ú. Ọdún mọ́kàndínlógún! Àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di báńdéèjì ti di ọ̀gá lé e lórí, “ẹ̀gbọ́n wa” ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó rán an níṣẹ́. Bí eléyìí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó mọ̀ pé kò sí òmíràn mọ́.

Ìrìn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ni ibẹ̀. Kí ló wá gbé ọkùnrin tó ní làákàyè dé ìdí ẹ́ńjìnì ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀?

“Nítorí tìẹ náà ni,” ni Tíṣà wí. “Òkè yẹn ga. Mọ́tò wa ní tọ́bò. Ṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ tọ́bò? Fáànù kékeré kan ni, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì tipátipá. Ṣùgbọ́n kí ló máa rí fẹ́, tí wọ́n bá ti dí i nímú? Wo àpótí dúdú tí wọ́n gbé lé e lórí láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Ìbòmú ni! Wọ́n bo mọ́tò mi nímú! Tí mo bá yọ ìyẹn kúrò, tí mo fi páìpù tuntun yìí síbẹ̀, á mí kanlẹ̀, á sì gun òkè yẹn bí ewúrẹ́.”

“Tíṣà, èmi ni mo ń bo imú níbi iṣẹ́. A kì í ṣe é fún ọ̀ṣọ́.”

“Ti ènìyàn nìyẹn.”

“Ẹ ò wá lè dúró di Sátidé?”

“Ṣé Sátidé lo fẹ́ gun òkè ni, àbí òní?”

Ẹ̀kọ́ físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro wà. Kò sí ohun tí Tíṣà kò mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn ṣe ń mú un ṣiṣẹ́ ni wọn kò kọ́ ọ. Páìpù tuntun náà ti dé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nínú páálí gígùn, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló sì ń sùn. Irin dídán ni, ó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, fítà pupa rọ̀bọ̀tọ̀ kan, tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, wà ní orí rẹ̀. Rọ́bà dúdú àti kílípù mẹ́rin ló bá a wá, àwọn òrùka irin tí wọ́n ń fi sukudiráífà yí kí wọ́n lè di rọ́bà mú. Ìwé àlàyé kan náà bá a wá. Tíṣà tẹ́ ìyẹn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lé e lórí kí ṣòkòtò rẹ̀ má baà dọ̀tí.

Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn o: ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó tú àpótí dúdú, àpótí jáde. Ó yọ sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń ka iye afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ó gbé e sínú páìpù tuntun, kò fọ́. Bóòtù kan bọ́ sínú ìfun ẹ́ńjìnì, Tíṣà pariwo bí ẹni tí ejò bù jẹ, ó na ọwọ́, bóòtù náà wà lórí bàtà rẹ̀. Ó de kílípù kìíní. Ó de ìkejì. Ó de ìkẹta. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì. Ojú Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó tilẹ̀ ń rò ó pé bóyá lóòótọ́ lòun fẹ́ ọkùnrin, tí kò sí ẹni tó sọ fún òun.

Kílípù kan ló kù, èyí tó wà ní ẹnu tọ́bò gan-an. Ìyípo mẹ́rin ọwọ́, iṣẹ́ bùṣe.

Ìgbà náà ni géètì dún.

“Àbúrò! Kí lo tún ń tú?”

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ni, káfíńtà tó ń gbé ilé kẹta sí wọn. Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo ilé ń pè é. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe gbọ́ ohùn náà, ó la ẹnu, kò mọ̀gbà tó sọ ọ́ jáde: “Ẹ de kílípù yẹn kíá!”

Ó ti pẹ́ jù. Tíṣà ti gbé sukudiráífà kalẹ̀.

Ó yẹ ká ṣàlàyé ẹbí yìí. Nínú ilé wọn, ẹni tó bá dàgbà jù níbi iṣẹ́ ló máa ń parí iṣẹ́. Àbúrò lè ṣe é láti àárọ̀, kó làágùn, kó fara gbọgbẹ́. Tó bá ku díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró, kó fi ìparí lé àgbà lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Bí gílóòbù bá jó, ọmọ á gun àkàbà, á yí gílóòbù tuntun wọlé dé ibi tó kù díẹ̀ kó le, á sọ̀ kalẹ̀, bàbá á wá gun òkè lọ fún ìyípo kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wọn fi ń ro tótó tọ̀sán tòru, tí ọwọ́ ìlẹ̀kùn yàrá àlejò sì máa ń bá àlejò lọ sójú títì. Nítorí pé bí àgbà bá dé ibẹ̀, kì í ṣiṣẹ́. Á fọwọ́ kàn án, á ní “ó ti dára”, á nu ọwọ́. Ó kà á sí ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò kà á sí iṣẹ́.

Bọ̀ọ̀dá tẹ̀ síwájú. Ó di fítà pupa mú lọ́rùn, ó mì í.

“Ó ń jó.”

“Bọ̀ọ̀dá, ó yẹ kó máa mì díẹ̀. Ẹ́ńjìnì náà máa ń gbọ̀n.”

“Mo ní ó ń jó. Ta ló kọ́ yín láti gbé nǹkan tó wúwo tó báyìí lé afẹ́fẹ́? Ohun tó bá ń jó, igi la ń fi sí i lábẹ́. Ẹ dúró dè mí.”

“Bọ̀ọ̀dá mi,” ni Nọ́ọ̀sì wí, ó fi ẹ̀rín sí i bí ẹni fi ṣúgà sí egbòogi, “ẹ bá wa de kílípù kan tó kù yìí ná, ká lè máa lọ. Ẹ mọ̀ pé òní ni ọjọ́ mi.”

“Ìyàwó wa, torí pé òní ni ọjọ́ yín ni. Ṣé irú nǹkan báyìí lẹ fẹ́ gbé débi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò?”

Ó lọ. Tíṣà jókòó sórí ìwé àlàyé, ó ń dúró.

“Tíṣà.”

“Bọ̀ọ̀dá ní ká dúró de òun.”

“Bọ̀ọ̀dá kò sí níbí. Kílípù wà níbí. Ọwọ́ yín wà níbí.”

“Kí n wá parí iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi? Kí wọ́n lè sọ pé ìwé ti yí mi lórí?”

Nọ́ọ̀sì yọ fóònù, ó pe onítakisí tó máa ń gbé e lọ sí iṣẹ́ alẹ́. Onítakisí ní òun ti gbé èrò lọ sí ọ̀nà jíjìn, tó bá di ọ̀sán òun á yọjú. Nọ́ọ̀sì dúpẹ́. Ó gbé fóònù sínú báàgì, ó mí sínú, ó mí síta, bó ṣe máa ń kọ́ àwọn aboyún.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Bọ̀ọ̀dá padà dé. Kì í ṣe igi ló gbé dání, iṣẹ́ ọnà ni. Ó ti fá a, ó ti fi sáńdípépà ha á, ó ti gé etí rẹ̀ róbótó, ó sì ń rùn fún ọ̀dà tó ń dán, èyí tí kò tíì gbẹ. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ fítà. Ó mì í. Kò jó mọ́.

“Igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì tó ń gbóná,” ni Nọ́ọ̀sì sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ orúkọ àìsàn sínú ìwé.

“Igi tó le ni,” ni Bọ̀ọ̀dá fèsì. “Àbúrò, mú sukudiráífà wá.”

Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí ẹnu kílípù, ó ki sukudiráífà bọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì ti gbé báàgì kọ́ apá. Ó ti ń ṣí ìlẹ̀kùn mọ́tò.

“Ṣé ẹ̀ ń ṣe nǹkan lẹ́yìn mi ni?”

Bọ̀ọ̀dá na ẹ̀yìn bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ká mọ́bi tó ti ń wo ìwé ẹlòmíràn. Màmá ló jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ìyá àwọn méjèèjì, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, gíláàsì ojú ní orí imú. Màmá kò rí inú ẹ́ńjìnì rí láyé, kò sì wá rí i nísinsìnyí. Ìdọ̀tí ló rí.

“Ẹ̀gbin rèé o! Ẹ fẹ́ gbé ọmọ mi lọ síwájú àwọn ènìyàn ńlá pẹ̀lú inú tó dọ̀tí báyìí? Ẹ fún mi lákísà.”

“Màmá, kò sí ẹni tó máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò níbẹ̀,” ni Nọ́ọ̀sì wí.

“Ìyàwó mi, Ọlọ́run ń wò.”

Kí lẹ máa sọ sí ìyẹn? Wọ́n fún un lákísà. Ó nu páìpù, ó nu bátìrì, ó nu ibi tí òróró ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra mọ́tò. Ó ń nu, ó ń bú wọn. Nígbà tí akísà kún, ó gbọ̀n ọ́n. Òróró dúdú fò, ó ṣe róbótó lójú afẹ́fẹ́, ó sì bà lé àyà aṣọ funfun Nọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí òǹtẹ̀.

Tíṣà fọwọ́ bo ojú.

“Ọṣẹ á gbé e,” ni Màmá wí.

Nọ́ọ̀sì wo àyà aṣọ rẹ̀. Ó yí padà, ó wọlé lọ pàrọ̀ aṣọ, ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kọ sínú ìwé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá gbé sukudiráífà fún ìyá rẹ̀, tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí pé àgbà ti dé, ìparí ti di tirẹ̀. Màmá yí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣí ìgò ló ṣe yí i, sí apá òsì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fi agbára sí i. “Ó ti dára,” ló wí, ó nu ọwọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń wò ó. Ọ̀kan jẹ́ káfíńtà, ó ti fi ọgbọ̀n ọdún yí sukúrù wọ igi. Ìkejì jẹ́ tíṣà físíìsì. Àwọn méjèèjì rí i pé apá òsì ni. Àwọn méjèèjì ní, “Ẹ ṣé, Màmá.”

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Nọ́ọ̀sì jáde nínú aṣọ funfun kejì. Ó wọ mọ́tò. Tíṣà yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnì jí, ó wúkọ́, ó gbọ̀n, ó fọn fèrè kan “fíììì” bí kẹ́tùlù tó hó, ó kú. Tíṣà tún yí i. Fíììì, ó kú. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ó dúró díẹ̀ báyìí, ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, iná kan yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó pupa bí ojú ẹni tí a jí lójú oorun.

“Fèrè yẹn ni mo ń sọ!” ni Tíṣà kígbe. “Ohùn tọ́bò nìyẹn! Ó ti ń mí!”

“Ó ń kú,” ni Nọ́ọ̀sì wí.

“Igi náà kò tíì jókòó,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. “Ẹ fún un láyè kó jókòó.”

Tíṣà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó lo ẹfun, ó kọ ọ́ sára ògiri ilé: afẹ́fẹ́ tó wọlé, afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ kà, ọfà lọ sókè, ọfà lọ sísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló fi kọ́ ògiri ní ẹ̀kọ́. Nígbà tó parí, ó fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn: afẹ́fẹ́ ń ti ibì kan wọlé tí sẹ́ńsọ̀ kò mọ̀ sí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ó wá ṣí fílà rẹ̀, ó fi fẹ́ ara, inú rẹ̀ dùn, kò sì ṣe nǹkan kan sí i.

“Ibo ni ibi náà?” ni Nọ́ọ̀sì bi í.

“Ẹ̀kọ́ mìíràn nìyẹn.”

Màmá tẹ ẹnu mọ́ ara. “Ó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ń gbóná, ó ń wúkọ́. Ìyàwó mi, ṣebí ìwọ ni nọ́ọ̀sì? Gbọ́ àyà ẹ̀ wò.”

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìbínú ṣí báàgì, ó fi ìbínú fa ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà aláìsàn yọ, ó kì í bọ etí méjèèjì. “Ẹ tan án,” ló wí, kí wọ́n lè rí i pé àwọn kò gbọ́n. Ó gbé ojú ẹ̀rọ náà lé kílípù kìíní. Dákẹ́. Ó gbé e lé ìkejì. Dákẹ́. Ìkẹta, dákẹ́ bí ọmọ tó sùn. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó gbé e lé ìkẹrin, ní ẹnu tọ́bò.

Ariwo tó wọ̀ ọ́ létí fẹ́ẹ̀ gbé e ṣubú. Afẹ́fẹ́ ń sáré wọlé níbẹ̀ bí èrò tó ń já wọ ọkọ̀ ojú irin.

“Mo ti rí i,” ló wí, ojú rẹ̀ là. “Kílípù tó wà níbí yìí ni! Kò le rárá! Ta ló dè é?”

Bọ̀ọ̀dá ń wo ojú ọ̀run. Tíṣà ń wo bàtà. Màmá ń wo gbogbo wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, sukudiráífà wà nínú àpò aṣọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Tíṣà, ẹ lọ dè é.”

“Lójú Màmá? Ká tún iṣẹ́ ìyá mi ṣe lójú ìyá mi?”

“Kí Màmá yí ojú síbòmíràn ná.”

“Tó bá wá gbọ́? Àádọ́rin ọdún ó lé méje, wọ́n á ní òun ò lè de kílípù mọ́. Ìbànújẹ́ ló máa fi sùn.”

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí wọn kò bá kúrò ní ilé kó tó di aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, kó bọ́ aṣọ funfun, kó lọ sùn. Nọ́ọ̀sì ronú bí ìyàwó ilé ṣe ń ronú. Ó tọ Màmá lọ, ó kúnlẹ̀.

“Màmá mi, ọwọ́ yín tutù, ọwọ́ yín mọ́ nǹkan. Kílípù tí ẹ dè yẹn, ó fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, sí apá ọ̀tún.”

“Ọmọ dáadáa,” ni Màmá wí, inú rẹ̀ dùn dé eyín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki sukudiráífà bọ̀ ọ́, ó sì yí i sí apá òsì.

“Ọ̀tún, Màmá!”

“Mo mọ ọwọ́ ọ̀tún mi kí wọ́n tó bí ìyá rẹ.” Ó tún yí i sí òsì. Kílípù já bọ́. Rọ́bà fò kúrò lẹ́nu tọ́bò, pọ̀! Ẹ́ńjìnì mí kan ṣoṣo, bí ẹni tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ó kú fin-ín.

Màmá fọwọ́ pa á lórí. “Ó ti sùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ nínú ẹbí náà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Nọ́ọ̀sì dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó gba sukudiráífà kúrò lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Kò tọrọ rẹ̀ o, kò fi orúnkún kan ilẹ̀, ó gbà á bí wọ́n ṣe ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó yọ igi dídán kúrò lábẹ́ fítà, ó gbé e lé Bọ̀ọ̀dá láyà: “Ẹ mú tiyín dání.” Ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀, ẹni tó ti ń pè ní “ẹ” láti ọdún mẹ́rìnlá. “Ìwọ, dìde lórí ìwé yẹn!”

Tíṣà dìde. Kò mọ ìgbà tó dìde.

Nọ́ọ̀sì gbé ìwé àlàyé, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó kà á. Ó kà á látòkè délẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, bó ṣe máa ń ka ìwé egbòogi. Ó ti rọ́bà náà padà sí ẹnu tọ́bò títí ó fi wọlé dáadáa, ó gbé kílípù gùn ún, ó yí i sí apá ọ̀tún, mẹ́rin, márùn-ún, ó fi ìka dán an wò. Kò mì. Ó rí apá irin kékeré kan nínú páálí tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò, èyí tí wọ́n ṣe láti fi gbé fítà náà ró; ó dè é mọ́ ibi tí àwòrán ní kó dè é mọ́. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, gbàù.

“Tan án.”

Tíṣà tan án. Ẹ́ńjìnì jí, ó sì dúró, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ológbò tó yó. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì.

“Ẹ ti rí i?” ni Tíṣà wí. “Mo sọ fún yín pé iṣẹ́ kékeré ni.”

Gbogbo wọn wọ mọ́tò. Bọ̀ọ̀dá ní iṣẹ́ òun ni, òun gbọ́dọ̀ rí òpin rẹ̀. Màmá ní àwọn kan fẹ́ gbàgbé òun sílé. Òun náà ló sì jókòó síwájú, nítorí pé àgbà ni; Nọ́ọ̀sì, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde, ń fún mọ́ Bọ̀ọ̀dá àti igi rẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ń wo Nọ́ọ̀sì nínú dígí bí ẹni tó ń wo ajá tó ti bu ènìyàn jẹ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti òkè náà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Tíṣà ti ń fọwọ́ pa sítíárì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn, ó ń dúró de ìdí òkè bí ẹni tó ń dúró de ìyàwó. Wọ́n dé ìdí òkè. Ó tẹ iná. Tọ́bò súfèé, mọ́tò fò síwájú, Màmá di ìgbànú mú, Tíṣà kígbe “Ewúrẹ́!”, wọ́n sì yí kọ́nà kan ṣoṣo, wọ́n bá ẹ̀yìn tírélà tó kó símẹ́ńtì. Ọ̀nà tóóró ni, kò sí ibi téèyàn lè gbà kọjá. Ẹ̀yìn tírélà náà ni wọ́n wà láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè téńté, wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń sìnkú. Ọkùnrin kan tó ti kẹ̀kẹ́ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí wọn, wọ́n kí i, ó sì kọjá wọn.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fò jáde kí mọ́tò tó dúró.

Ẹni mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì, obìnrin arúgbó kan tó ń darí wọn wà láàárín. Ẹnì kejì tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́ náà ti jáde, ó ti dáhùn tirẹ̀, ó sì dáhùn dáadáa, ojú wọn sọ ọ́. Wọ́n bi Nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè mẹ́fà. Èyí tó gbẹ̀yìn ni obìnrin náà fúnra rẹ̀ bi í:

“Tí o bá rí òṣìṣẹ́ tó dàgbà jù ọ́ lọ, tó ń ṣe ohun tí kò tọ́ fún aláìsàn, kí ni wàá ṣe?”

Nọ́ọ̀sì ti múra èsì ìyẹn sílẹ̀ nílé, èsì tó dùn, tó kún fún ọ̀wọ̀ àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ó la ẹnu kó sọ ọ́. Ó rí òróró dúdú tó ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

“Màá gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀ ná,” ló wí. “Tí aláìsàn bá ti mí, màá wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.”

Obìnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé. Ibi tó ti ń kọ ọ́ ni ariwo kan ti wọlé látojú fèrèsé: vùùù, fíììì, vùùù! Tíṣà ni, ó ń fi ohùn tọ́bò han ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì.

“Àwọn wo nìyẹn?” ni obìnrin náà bi í.

“Mi ò mọ̀ wọ́n rí, mà.”

Wọ́n ní kó jókòó síta. Ó jókòó. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi ń wo ògiri kan tí wọ́n ya ẹja sí fún àwọn ọmọdé, ó ka ẹja náà, ó tún un kà. Nígbà tí wọ́n pè é padà, ìwé kan ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀.

Ó jáde sínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá hó yèè, Bọ̀ọ̀dá sọ igi sókè, ó hán an. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ fún Màmá níbẹ̀, lórí òkúta wẹẹrẹ, pẹ̀lú aṣọ funfun, ó ní kó foríji òun. Màmá ní, “Ìdáríjì kí ni? Bí kì í bá ṣe ọwọ́ mi tó kọ́kọ́ kan kílípù yẹn, ṣé ẹ máa débí?”

“Màmá, ẹ dákun,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. “Igi ló mú un jókòó. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, ó ti rántí ibi tó yẹ kó wà.”

“Ẹ̀yin méjèèjì, físíìsì ni!” Tíṣà na ọwọ́ bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. “Mo sọ pé ó máa mí, ó mí! Nọ́ọ̀sì mi, gbọ́. Láti ọjọ́ Ajé, àràárọ̀ ni màá máa gbé ọ gun òkè yìí. Mo ti rí páìpù kejì kan lórí fóònù, èyí tó máa wà láti tọ́bò sí ẹ́ńjìnì. Sátidé yìí la máa dè é.”

“Èmi ni màá parí ẹ̀,” ni Bọ̀ọ̀dá wí.

“Nígbà tí mo ti kú?” ni Màmá bi í.

Nọ́ọ̀sì ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó, ó gbé ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ lé orí itan.

“Ilé ìwòsàn ní bọ́ọ̀sì tó ń gbé òṣìṣẹ́,” ló wí. “Ìyànà wa ló ń gbà kọjá.”